Ìlà Tó Gba Orí Ilé Màmá Kpakungu

Ọ̀gá mi kì í dáhùn ìkíni. O lè kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ láàárọ̀, kí o ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," ojú rẹ̀ á kàn kọjá lára rẹ bí ẹni pé àga ni ọ́. Nítorí náà, n kò ní pè é ní "wọ́n" nínú ohun tí mo ń kọ yìí. Mo ti pè é bẹ́ẹ̀ tó ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Minna ni, tí àwọn ènìyàn ṣì ń gun orí àpáta lọ wá nẹ́tíwọ̀kì. Ọkùnrin náà ní iléeṣẹ́ kékeré kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta símẹ́ńtì. Àwòrán ilẹ̀ là ń yà níbẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà. Ìjọba ló gbé iṣẹ́ fún un: wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà kan tó gba inú àdúgbò Kpakungu kọjá, wọ́n sì fẹ́ mọ ibi tí ilé, ọ̀nà àti omi wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo ń ya Kpakungu. Wọ́n fún wa ní fọ́tò tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run. Mo máa ń tẹ́ fọ́tò náà sójú kọ̀ǹpútà, màá sì máa tọ etí ilé kọ̀ọ̀kan. Màá tẹ máòsì sí igun kan, màá tẹ ẹ́ sí igun kejì, títí ilé náà á fi pa ẹnu dé. Ìlà ni ti ọ̀nà. Bí o bá tẹ ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì léraléra, àwọn oríkèé rẹ̀ á yọ síta wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. O lè di oríkèé kan mú kí o fà á, ọ̀nà náà á sì tẹ̀ síbi tí o bá fà á sí. Ẹni tó bá wò ọ́ lókèèrè á rò pé eré lò ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí o bá fa oríkèé kan kọjá ibi tó yẹ, odindi agboolé lè bá ara rẹ̀ láàárín títì.

Ooru yàrá yẹn kò ṣeé sọ. Bí NEPA bá mú iná lọ, ó di ìgbà tó bá wu ọ̀gá kó tó fún wa ní epo jẹnẹrétọ̀. Bí iná bá sì lọ kí o tó tẹ séèfù, iṣẹ́ àárọ̀ dà nù nìyẹn, èébú ọ̀sán ló kù.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí Kpakungu fi kàn mí. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá mi kúrò ní Ọ̀fà wá sí Minna, ìlú náà ni wọ́n sì bí èmi sí. Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì, wọ́n kọ́lé sí Fadikpe. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ti tẹ̀lé wọn wá tipẹ́tipẹ́, àwọn kọ́ tiwọn sí Kpakungu, yàrá tó kọjú síra, ayálégbé kún un, ẹ̀rọ ìlọta méjì sì wà níwájú ilé. Màmá Kpakungu là ń pè wọ́n. Wọn kò fẹ́ràn ìyá mi rí. Mùsùlùmí Ìlọrin ni ìyá mi, ọmọ ìjọ ni bàbá mi, Màmá Kpakungu kò sì dárí ìgbéyàwó náà ji ẹnikẹ́ni. Èmi ni wọ́n ń fi ìbínú náà hàn. Bí mo bá lọ lọta nílé wọn, wọ́n á ní, "Ọmọ ìyá rẹ̀ ti dé," wọ́n á sì jẹ́ kí gbogbo oníbàárà lọta tán kí wọ́n tó gba igbá lọ́wọ́ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo parí Kpakungu, ọ̀gá wá dúró sẹ́yìn mi. Mo gbọ́ òórùn lọ́fíńdà rẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Ọ̀nà ni, sà."

"Ọ̀nà wo ló ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ báyìí? Ọ̀nà tó tọ́ ni àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa fẹ́."

"Bó ṣe wà nínú fọ́tò ni mo ṣe fà á, sà. Bí a bá ní ká tọ́ ọ, á gun orí ilé àwọn ènìyàn."

"Ilé? Páànù àti bíríkì alámọ̀ yẹn lò ń pè ní ilé?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti pa ẹnu mi mọ́. Ṣùgbọ́n inú ti ń bí mi. Mo ní, "Ilé ni, sà. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà níbẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó pe àwọn tó kù nínú yàrá kí wọ́n wá wò. "Haba! Ẹ ò rí i? Ó tẹ ọ̀nà ìjọba kí ilé àǹtí rẹ̀ má bàa wó!"

Ó ní kí n dìde. Ó jókòó sí àga mi, ó tẹ ìlà náà, àwọn oríkèé yọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n rẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń pa ọ̀kan ni ìlà náà ń fà tọ́, títí ó fi le gbandi bí okùn tí wọ́n fà láàárín èèkàn méjì. Mo rí i bó ṣe gba àárín òrùlé Màmá Kpakungu kọjá. Ó wá kó gbogbo ilé tó bọ́ sábẹ́ ìlà náà, ó sọ wọ́n di pupa, pé àwọn nìyẹn tí a máa wó. Ó tẹ séèfù. Ó nu máòsì náà sí ṣòkòtò rẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ mi ti bà á jẹ́, ó sì jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó tó dé, mo dá àwọn oríkèé náà padà, mo tẹ̀lé fọ́tò láìyà lọ́tùn-ún tàbí lósì. Nígbà tó dé, ó rí i. Ó tún tọ́ ọ. Mo tún dá a padà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ, a kò bá ara wa sọ̀rọ̀, àfi ìlà yẹn tó ń tẹ̀ láàárọ̀ tó sì ń tọ́ nírọ̀lẹ́. Nígbà tó sú u, ó fi ọ̀rọ̀ àṣírí ti kọ̀ǹpútà náà mọ́ mi, ó sì tẹ àwòrán náà jáde sórí bébà ńlá.

Mo sọ ọ́ fún bàbá mi. Mo bá wọn níwájú ilé ní Fadikpe, wọ́n ń gbọ́ rédíò Hausa, ìyá mi sì wà nítòsí. Mo ní, "Bàbá, wọ́n máa kọ àmì sára ilé Màmá Kpakungu. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ fún wọn. Èmi kọ́ ni mo fà á, mo ti bá ọ̀gá mi jà títí."

Bàbá mi yí rédíò sílẹ̀. Wọ́n ní, "Má tíì sọ fún wọn. O mọ̀ pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀rọ̀ ìjọba, ó lè má ṣẹlẹ̀. Èmi fúnra mi á wá ọ̀nà tí màá gbà sọ ọ́."

Wọn kò sọ ọ́.

Nígbà tí ó di pé kí wọ́n lọ fi ọ̀dà pupa sàmì sí àwọn ilé náà, ọ̀gá mi ní èmi ni kí n ṣáájú àwọn oníṣẹ́ lọ. Ó ní, "Ìwọ tí o mọ àwọn ènìyàn rẹ, lọ tọ́ka ilé wọn." Mo lọ. Mo rò pé bàbá mi ti sọ ọ́, àti pé ó sàn kí ó jẹ́ èmi ju àlejò lọ.

A kò tíì sàmì sí ilé kẹta tí èrò fi pé lé wa lórí. Àwọn mẹkáníìkì fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn obìnrin jáde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọkùnrin kan já ẹ̀rọ tí a fi ń mọ ibi tí a dúró sí gbà lọ́wọ́ mi. "Me kuke yi a nan?" ló ń pariwo. "Ku bar nan!" Ó ń bi wá ní ohun tí à ń ṣe níbẹ̀, ó sì ní ká kúrò. Kí n tó dáhùn, ẹni tó gbé ọ̀dà lọ́wọ́ ti kọ àgbélébùú pupa kan sára ògiri Màmá Kpakungu, ọ̀dà náà sì ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀.

Màmá Kpakungu jáde láti ìdí ẹ̀rọ. Ata dé ìgbọ̀nwọ́ wọn. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wo bébà tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n wá wo ojú mi.

"Ìwọ ni?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Èmi kọ́ ni mo fà á. Èmi ni mo ń dá a padà."

"O ń dá kí ni padà? Ta ni ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀? Kọ̀ǹpútà ta ni? Ìyá rẹ ló rán ọ. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa ló ti ń wá bí n kò ṣe ní ní òrùlé lórí!"

"Màmá, bàbá mi mọ̀ nípa rẹ̀. Mo ti sọ fún wọn."

"Àbúrò mi mọ̀, kò sì sọ fún mi? Irọ́ ni ìwọ àti ìyá rẹ ń pa!"

Korobá omi tí wọ́n fi ń ṣan ẹ̀rọ wà nítòsí wọn. Wọ́n gbé e, wọ́n da gbogbo rẹ̀ sí mi lójú. Omi ata rodo ni. Mo gbọ́ tí àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mo ń fọwọ́ wá ọ̀nà kiri, n kò ríran, títí ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ fi fà mí lọ́wọ́ gun ọ̀kadà àcábà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Màmá Kpakungu wá sí Fadikpe. Wọn kò jókòó. Ojú mi ṣì wú, mo wà níbẹ̀. Wọ́n na ìka sí bàbá mi. "Mo fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ. Ṣé o mọ̀ pé ọmọ yìí fẹ́ wó ilé mi?"

Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Ìyá mi, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ wọn, ní, "Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀. Ọmọ yìí sọ fún yín. Ó sọ ọ́ lójú mi."

Bàbá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fi sùúrù ṣe é."

"O mọ̀ ni àbí o kò mọ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù ṣe é."

Ohun tí wọ́n sọ kò ju ìyẹn lọ. Màmá Kpakungu yíjú sí ìyá mi, wọ́n ní, "O ti ṣẹ́gun," wọ́n sì jáde. Bàbá mi tan rédíò wọn. Mo dìde, mo pa á. Kò sẹ́ni tó bá mi wí.

Láàárọ̀, mo lọ bá ọ̀gá mi. Ó wo ojú mi tó pọ́n, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwọn ènìyàn rẹ ti kí ọ káàbọ̀ nìyẹn. Kò burú. Ẹ tún padà lọ lónìí, ilé tó kù ṣì pọ̀."

Mo ní, "Ìwọ ni o fà á. Ìwọ ni kí o lọ."

Bí mo bá gbá a létí, bóyá ni ì bá dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Mo ní, "Ìwọ." Ó ju báàgì mi sí ìta, igo omi mi fọ́ lórí àtẹ̀gùn, mo sì sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn onísímẹ́ńtì tí wọ́n ti dẹ́kun iṣẹ́ láti gbọ́ èébú tó ń bú mi láti òkè. Mo bú u padà ní Yorùbá, mo tún un bú ní Hausa kí gbogbo wọn lè gbọ́ ọ.

Ọ̀nà náà kò wáyé. Ìjọba mìíràn dé, wọ́n gbé ọ̀nà tiwọn gba apá ibòmíràn. Wọn kò wó ilé kankan. Ṣùgbọ́n àwọn ayálégbé Màmá Kpakungu ti rí àmì pupa, ta ló fẹ́ san owó ilé fún ibi tí katapílà ń bọ̀? Wọ́n kó jáde títí ilé fi dá páropáro. Màmá fi ẹfun kun ògiri náà, àmì náà tún yọ jáde. Wọ́n ta ẹ̀rọ ìlọta kan. Gbogbo ẹni tó bá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, orúkọ mi ni wọ́n ń dá. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Maikunkele nígbà náà, ìyá ọmọ kan sì bi mí lójú àwọn ọmọ náà bóyá èmi ni mo fi kọ̀ǹpútà wó ilé àǹtí mi.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, bàbá mi ṣubú ní balùwẹ̀, apá òsì wọn kú. Ní wọ́ọ̀dù, mo jókòó ní ẹ̀gbẹ́ orí wọn, mò ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ fún wọn. Màmá Kpakungu wọlé pẹ̀lú ọ̀pá. Wọ́n ti gbó gan-an. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn kò wò mí. Wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí pé, "Ẹ bá mi sọ fún ẹni yẹn kó sún àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò mi."

Nọ́ọ̀sì náà wò mí. Mo wo bàbá mi. Ẹnu wọn ṣì lè sọ̀rọ̀ nígbà náà, ó kàn ń wúwo díẹ̀ ni. Mo dúró dè wọ́n. Mo dúró pẹ́. Wọ́n yí orí sí ògiri, wọ́n ní ẹ̀kọ náà ti tó.

Mo padà jókòó, n kò sún àga náà. Nọ́ọ̀sì ló lọ gbé àga mìíràn wá, ó gbé e sí òdìkejì ibùsùn, Màmá Kpakungu jókòó síbẹ̀, a sì dojú kọra bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi ní kí àwọn àlejò máa lọ.