Àbẹ̀wò tí Dókítà Àlímì Ṣe sí Jàpárà

Yàrá mẹ́fà ló wà nínú ilé tí olóògbé Nathaniel Adéfọlá kọ́ sí Jàpárà, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Hannah ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sì kù tó ń gbé inú gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ wà lókè òkun. Wọ́n ń pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á béèrè bóyá ó ti jẹun, á ní òun ti jẹun, ọ̀rọ̀ á sì tán. Láti ọjọ́ Ajé títí di Àbámẹ́ta, bí ẹ bá gbọ́ ohùn nínú ilé náà, rédíò ni. Ìyá arúgbó kan ní ojúlé kejì a máa ké láti ojú fèrèsé rẹ̀ pé, "Yèsí wà n'úlé?" Hannah á ní òun ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?

Ẹ má tíì ṣàánú rẹ̀ o, torí òun gan-an kò fẹ́ àánú. Obìnrin tó gbéraga díẹ̀ ni. Ìbíadé ni wọ́n ti bí i, lọ́dọ̀ àwọn apẹja, ó kàwé, ó di tíṣà, ó kọ́ni títí orí rẹ̀ fi funfun kó tó fẹ̀yìn tì. Bí ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì bá bi í bóyá àárò kì í sọ ọ́, á ní, "Àárò kẹ̀? Ìgbà wo ni mo ráyè?" Irọ́ ni. Àyè ló kún ọwọ́ rẹ̀, àárò sì ń sọ ọ́ débi pé nígbà míì á se oúnjẹ ẹni méjì, á wá jókòó, á máa wo àwo kejì.

Ohun kan ló ń mú un la ọdún já: sáńwíìsì. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣe tíṣà ní ìpínlẹ̀ Ògùn mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá gba họ́lidé gígùn, àwọn olùkọ́ wọn náà á di akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á kó lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè láti kàwé kún ìwé. Àwọn olùkọ́ yunifásítì kì í tó wọn kọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba àwọn ẹlòmíràn fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọdọọdún ni wọ́n ń gba Hannah. Ọ̀nà ìkọ́ni ni iṣẹ́ tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á bọ́ síwájú kíláàsì, á ṣe bí olùkọ́, àwọn yòókù á sì di ọmọ àlákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ tó ń nawọ́ sókè, tó ń pariwo "Èmi, àǹtí! Èmi, àǹtí!" kí wọ́n lè pè é. Ọkùnrin kan tilẹ̀ ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Hannah á jókòó sẹ́yìn kíláàsì, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àǹfààní kejì tún wà. Àwọn obìnrin tó bá wá láti Ìbíadé àti àwọn ìlú etí omi tó yí i ká kì í ríbi wọ̀ sí ní Àgọ́-Ìwòyè, nítorí náà ilé Hannah ni wọ́n ń dé sí. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á kó ẹja gbígbẹ wá, wọ́n á jọ se ìkókoré, wọ́n á máa jà nítorí garawa nílé ìwẹ̀, wọ́n á máa rojọ́ ọ̀gá ilé ìwé wọn títí oorun á fi gbé wọn lọ. Hannah á máa bá wọn wí pé ariwo wọn pọ̀ jù. Ariwo yẹn ni oúnjẹ rẹ̀.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń gbà á. A kì í fi ìwé pe àgbà lásán. Ọ̀gá tó ń bójú tó sáńwíìsì fúnra rẹ̀ ni yóò gbéra wá sí Jàpárà kí òjò Júlàì tó dá. Á jókòó, á béèrè àwọn ọmọ, á ní, "Mà, ọdún tún ti yí po o." Hannah á ní ó ti rẹ òun, kí wọ́n lọ wá ọ̀dọ́. Ọ̀gá á bẹ̀bẹ̀. Hannah á kọ̀. Ọ̀gá á tún bẹ̀bẹ̀, Hannah á wá mí kanlẹ̀, á ní kò burú, nítorí yín ni. Àwọn méjèèjì ló mọ ibi tí eré náà ń parí sí. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ á wá tẹ̀lé e tó bá yá, nígbà míì lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, ọ̀gá yẹn fẹ̀yìn tì, Dókítà Mùbàṣírù Àlímì ló sì gba ipò rẹ̀. Ọmọ Òjòwò ni, Hannah ló sì kọ́ ọ ní girama. Òun ló kọ́ ọ bí a ti ń kí àgbà, bí a ti ń fi ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan, bí a kì í ti í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni tó jùni lọ. Mùbàṣírù gbẹ̀kọ́ náà, ó gbà á yó. Ṣùgbọ́n òfin tuntun ti dé láti òkè pé ẹni tí kò bá ní oyè Másítà kò gbọdọ̀ kọ́ni ní sáńwíìsì mọ́. Oyè àkọ́kọ́ ni Hannah ní. Wọ́n ti gba ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́títí sípò rẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ sọ fún Màmá. Akọ̀wé ọ́fíìsì ní kí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́. Àlímì bínú sí i: "Tíṣà mi? Kí n fi bébà lé e? Èmi ni n ó lọ."

Ó sì lọ lóòótọ́. Ó gbé búrẹ́dì dání àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ó wọ agbádá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú ọ̀nà àbáwọlé bí ẹní wá tọrọ ìyàwó.

"Mùbà, dìde, agbádá rẹ," ni Hannah wí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn. Ó mọ ohun tó gbé e wá.

Àlímì jókòó sí etí àga. Ó béèrè àwọn ọmọ. Ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá. Ó ní gbogbo ohun tí òun dà láyé, Màmá ló sọ òun dà á. Ó ní yunifásítì kò ní gbàgbé iṣẹ́ ribiribi tí wọ́n ti ṣe. Ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n jẹ èrè rẹ̀ pẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àlímì fi tọmọ jẹ́ ẹ títí kò fi jẹ́ iṣẹ́ náà mọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ojú Màmá ni kò jẹ́ kó jáde. Ó mu omi. Ó dìde. Ó tún dọ̀bálẹ̀.

Hannah náà ì bá béèrè. Ìbéèrè kan péré ni: "Mùbà, ọjọ́ wo la ń bẹ̀rẹ̀?" Ṣùgbọ́n ta ló ń bi àlejò ní ohun tí kò tíì sọ? Àti pé ọlọ́lá kì í fi hàn pé òun ń wọ̀nà. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ojú ló ń ti ọmọ náà tí kò fi lè bẹ òun bí ọ̀gá àtijọ́ ti ń bẹ òun. Wíwá tó wá yẹn ti tó. Nígbà tí Àlímì dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ó dáa, mo ti gbọ́." Àlímì mí kanlẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé Màmá ti mọ̀. Àgbà tó gbọ́n ni, wọn kì í sọ fún un tán.

Bí àwọn méjèèjì ṣe fi ìwà ọmọlúàbí ba ọ̀rọ̀ jẹ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì, Hannah ṣí àwọn yàrá tó ti tì pa. Ó sá mátírẹ́ẹ̀sì sóòrùn, ó fọ aṣọ fèrèsé, ó ra garawa tuntun kí ìjà má bàa pọ̀. Ó pe Mary ní Ìbíadé, tíṣà àgbà kan tó máa ń ṣáájú àwọn yòókù wá, ó ní, "Ẹ máa bọ̀ o, ilé ti wà nílẹ̀." Bí ó ti ń gbá yàrá kan bọ́ sí èkejì, ó ń kọrin. Ìyá ojúlé kejì ké pé, "Yèsí lèyí o?" Ó ṣe ìyá náà ní kàyéfì ni.

Àwọn mẹ́ta ló dé lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ sáńwíìsì: Mary, Nimotalahi àti Ìbíkẹ́. Ilé kún. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣíwájú lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, Hannah rọra múra, ó di gèlè, ó kó ṣọ́ọ̀kì àti àwòrán ìkọ́ni sínú báàgì, ó wọkọ̀ tẹ̀lé wọn.

Nígbà tó wọ kíláàsì, ọ̀dọ́bìnrin kan dúró níwájú pátákó. Ó ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i: Ọmọ́títí. Ọmọ dáadáa ni. Ó rí àgbà, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé ẹ wá rí ẹnìkan ni?"

Hannah wo iwájú, ó wo àwọn tó jókòó. Ó rí Mary lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó tẹ orí ba. Gbogbo rẹ̀ yé e lẹ́ẹ̀kan náà: búrẹ́dì, agbádá, ìdọ̀bálẹ̀ àti gbogbo àdúrà yẹn. Ìtìjú dà bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ṣe é bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n tíṣà ni, iwájú kíláàsì ló sì wà.

"Ìwọ ni mo wá rí," ló wí. "Èmi ni mo ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Mo ní kí n wá fà wọ́n lé ọ lọ́wọ́." Ó kọjú sí kíláàsì. "Ẹ gbọ́ tirẹ̀ o. Ẹni tó bá dà á láàmú, èmi ni yóò bá sọ ọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó kó ṣọ́ọ̀kì àti àwọn àwòrán náà lé Ọmọ́títí lọ́wọ́, ó sì jáde. Ó pàdé Àlímì lẹ́nu ọ̀nà, tí òógùn ti bò ó, tó ti ṣí fìlà. Wọ́n ti lọ sọ fún un.

"Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà," ni Hannah wí, ó sì kọjá. Kò pè é ní Mùbà. Àlímì ní ì bá sàn kó gbá òun létí.

Nínú ọkọ̀, Hannah fi etí gèlè nu ojú títí wọ́n fi dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó sunkún, n kò ní parọ́ fún yín. Kì í ṣe nítorí iṣẹ́ náà ló ṣe ń sunkún. Ó ń rò ó pé títí ọdún yóò fi yí po, kò sí ẹni tí yóò nílò òun fún ohunkóhun.

Ó tún ara rẹ̀ tù nínú pé àwọn mẹ́ta yẹn ṣì wà. Ó se ìkókoré dè wọ́n. Wọ́n jẹ ẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò rojọ́ ọ̀gá, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ kíláàsì, garawa tuntun kò sì fa ìjà kankan. Bí ó bá wọ ilé ìdáná, wọ́n á dá ọ̀rọ̀ dúró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ti di ẹrù wọn.

"Màmá," ni Mary wí, "a ríbi kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Kò yẹ kí a máa jẹ yín run nígbà tí ẹ ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún yín nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú Hannah. Ó gbé e mì. Ó ní, "Ó dáa. Ọlọ́run á bá yín lọ." Ó sì dúró lójú ọ̀nà, ó ń juwọ́ sí wọn títí ọkọ̀ wọn fi yà ní kọ́nà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àlímì dé. Ó gbé odidi ẹja ńlá kan dání. Ó dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde. Ó bẹ̀rẹ̀: Màmá ni ìyá òun, Màmá ni òpó, Ọlọ́run yóò…

"Mùbà, dákẹ́," ni Hannah wí. "Ohun tí o wá sọ níjọ́sí, sọ ọ́."

"Mà, ó ti…"

"Sọ ọ́."

Ó gbé ojú kúrò nílẹ̀. "Wọn kò ní gbà yín mọ́, mà."

"Ṣé èyí náà ni kò ṣeé sọ?" Hannah jókòó. Ó rò pé gbígbọ́ rẹ̀ kò tún ní dun òun mọ́, ó sì dùn ún. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ǹ bá sunkún mi nínú ilé, kí n má tẹ́ lójú ogunlọ́gọ̀."

"Ojú yín ni mi ò lè wò, mà. Mo bọ̀wọ̀ fún yín ni."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ. O bọ̀wọ̀ fún mi, o ò lè sọ̀rọ̀. Mary bọ̀wọ̀ fún mi, ó kẹ́rù jáde nílé mi. Àwọn ọmọ mi bọ̀wọ̀ fún mi, wọn kì í fẹ́ yọ mí lẹ́nu." Ó sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹ̀dá kan láti ìgbà tí Nathaniel ti kú. "Ilé yìí ti tóbi jù fún mi, Mùbà. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

Àlímì fẹ́ tún dojú bolẹ̀, Hannah dì í mú ní apá agbádá.

"Má dọ̀bálẹ̀ fún mi mọ́ lónìí. Ọ̀wọ̀ yín ti tó mi," ló wí. Ó fa àga kan sún mọ́ tirẹ̀. "Jókòó síbí. Bá mi sọ̀rọ̀."