Èèkàn Ilé Rábí

Òórùn ẹja yíyan ló dá mi dúró ní ibùdókọ̀ Benson lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò ní í ra ẹja, mo kàn dúró ni, títí ẹlẹ́ja fi ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ rà ni àbí ẹ fẹ́ máa gbóòórùn?" Mo rẹ́rìn-ín. Òórùn abúlé wa ni.

Abúlé náà kéré gan-an. Bí ẹnìkan bá sín ní ìpẹ̀kun kan, wọn á kí i ní "pẹ̀lẹ́" láti ìpẹ̀kun kejì. Etí ọ̀sà ló wà, láàárín Àgbówà àti Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà sì ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹbí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò kọ́kọ́ kan èèkàn tí yóò máa so ọkọ̀ mọ́ sétí omi, kó tó kọ́lé. Bí omi bá ti ń wọlé, àwọn ilé á sún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n èèkàn kì í kúrò. Ìdí nìyẹn tí èèkàn àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó fi jìnnà jù nínú omi. Ìyá àgbà mi á jókòó sétí ọ̀sà, á máa pe orúkọ ẹbí bí wọ́n ṣe dé, àwa ọmọdé á sì máa lúwẹ̀ẹ́ láti èèkàn kan bọ́ sí òmíràn. Bí a ṣe kọ́ ìtàn abúlé wa nìyẹn, pẹ̀lú omi nímú.

Èèkàn tó jìnnà jù ni ti ilé Rábí, ọ̀rẹ́ mi. Igi líle ni, omi kì í tètè jẹ ẹ́. Rábí á gùn ún, á máa kígbe pé, "Ẹ wá kí onílẹ̀!" Inú a máa bí mi, nítorí n kì í débẹ̀ láìmu omi yó.

Lọ́dún tí omi gbé ilé wọn lọ, bàbá rẹ̀ ní Ìkòròdú làwọn ń kó lọ. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fa èèkàn rẹ̀ tu kò ní í padà mọ́ nìyẹn. Bàbá Rábí wa ọkọ̀ débẹ̀, ó di èèkàn mú. Bó bá fi lè fà á tu, mi ò ní í rí Rábí mọ́ láéláé.

Ìyá àgbà wọ omi dé àyà, tìrótìró. "Músá, omi ló ṣẹ̀ ọ́, igi lò ń bá jà! Ibo lọmọ rẹ ó so ọkọ̀ mọ́ lọ́jọ́ tó bá padà?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Ìyá." Ṣùgbọ́n ó ti ń sunkún, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Rábí ò padà. Mo retí rẹ̀ títí irùngbọ̀n fi hù lágbọ̀n mi. Ìgbà tó pẹ́ ni mo gbọ́ pé ó ti kú. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá mi kàn. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ilé màmá mi hàn mí." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ilé wo? Gbogbo wa ti fọ́n ká, omi ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà, àwọn ọmọ wa ò sì mọ ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀.

A wọkọ̀ lọ. Èèkàn tó kù ò tó nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n ti ilé Rábí wà níbẹ̀, ó dúdú, ó dúró. Mo nawọ́ sí i. Ọmọ náà gba okùn lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, ó sì so ọkọ̀ wa mọ́ ọn.