Aṣọ Dúdú Tó Wà Nínú Àwòrán Náà

Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọkùnrin náà ti ń jẹun. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, torí òun ló ń padà wá sọ́kàn mi jù. Àgùnbánirọ̀ ni nígbà tó dé Enugu láti Ọ̀ṣun. Kò mọ ẹnikẹ́ni, kò gbọ́ Igbo, ṣọ́ọ̀ṣì wa la ti pàdé. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ni mo ti wà ní àdúgbò Coal Camp, ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ-ọmọ mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ fi Yorùbá dá mi lóhùn mọ́. Òun á dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, á ní, “Màmá, ẹsẹ̀ yín ńkọ́ lónìí?” Orúnkún mi tó máa ń dùn mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀ ló ń bèèrè. Kò sí ẹlòmíràn tó máa ń bèèrè rẹ̀.

Nígbà tó sìnrú ìlú tán, kò lọ. Ó wọ yunifásítì fún oyè kejì, ní ẹ̀ka kan náà tí ọmọ-ọmọ mi obìnrin wà, èyí tí mo tọ́ láti kékeré, tí mo ń pè ní ọmọ mi. Olùkọ́ wọn ní kí àwọn méjèèjì jọ ṣe iṣẹ́ kan, inú yàrá mi ni wọ́n sì ti ń ṣe é, torí ọmọ ìjọ kan ti bá mi fi iná sólà síbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi rèé. Gílóòbù ìgbàlódé tí kì í jẹ iná púpọ̀ yìí, ègé kékeré kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń tan ìmọ́lẹ̀. Ọmọ mi fi hàn mí, kò tó hóró ìrẹsì. Ó ní ìpele lórí ìpele ni inú ègé yẹn, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ojú ò lè rí wọn, bí ìpele kan bá sì nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, ìmọ́lẹ̀ á dín kù tàbí kí àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú ègé bẹ́ẹ̀ ní tòsí, débi téèyàn á máa ṣe é wò. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, ìṣirò ẹyọ kan a sì máa pẹ́. Ni wọ́n bá ń kọ́ kọ̀ǹpútà náà lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á fi àwọn tí wọ́n ti ṣírò hàn án, á máa wo bí èyí ṣe rí, bí ìyẹn ṣe rí, títí táá fi lè sọ bí èyí tí wọn ò tíì ṣírò yóò ṣe rí, táá sì tọ́ka ibi tó yẹ kí wọ́n gbìyànjú lẹ́yìn náà.

“Bí ẹni ń se ọbẹ̀ ni,” mo ní. “O tọ́ ọ wò, o mọ ohun tó kù sí i. O ò ní da ìkòkò nù kó o tún bẹ̀rẹ̀.”

“Ehen! Màmá, you go soon collect certificate!” ọmọkùnrin náà pariwo. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń múnú àgbàlagbà dùn.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò gbà pé ìṣirò nìkan tó. Ó ní bí ègé náà bá gbóná, ìwà rẹ̀ ń yí padà, kọ̀ǹpútà ò sì lè mọ̀ ọ́n bí wọn ò bá fi hàn án. Ó fẹ́ máa wọn ìmọ́lẹ̀ gidi bó ṣe ń gbóná sí i. Ó nílò ibi tó ṣókùnkùn biribiri, oòrùn sì ń gba gbogbo ihò wọ yàrá mi. Yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni mo máa ń rán. Mo rọ́ yúnífọ́ọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rán aṣọ dúdú tó nípọn yí tábìlì mi po títí kan ilẹ̀. Ó ku etí kan nígbà tí òwú dúdú tán, mo bá fi búlúù tó kù lára yúnífọ́ọ̀mù parí rẹ̀. Ó rí wúruwùru.

“Màmá, ṣé fáàrí nìyí?” ọmọkùnrin náà bi mí.

“Tó o bá mọ̀ ọ́n rán, gba ẹ̀rọ.”

Abẹ́ aṣọ yẹn ni ọmọ mi máa ń rá wọ̀ lọ́sàn-án gangan, òun àti gílóòbù rẹ̀, tẹmómítà, àti nǹkan tó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Bó bá máa fi jáde, òógùn á ti mú kí aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọmọkùnrin náà á wà lórí àga níta, lábẹ́ fáànù, á máa tẹ kọ̀ǹpútà. Bí mo bá ń bu oúnjẹ, ẹran tèmi ni mo máa ń fi kún tirẹ̀. Mo ní àlejò ni.

Lọ́jọ́ kan ó ní bàbá òun ń ṣàìsàn nílé. Mo gbàdúrà fún un, mo sì ra ọkpa gbígbóná, mọ́ínmọ́ín àwọn ará Enugu, fún un kó máa jẹ lọ́nà. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò rí fóònù rẹ̀ pè mọ́. Ọmọ mi ń wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ láìdúró, ó ní bí ọmọkùnrin náà bá dé, àwọn á fi kún iṣẹ́ àwọn.

Ọjọ́ ìsinmi kan la dé láti ṣọ́ọ̀ṣì tí ọmọ mi na fóònù sí mi. Ọmọkùnrin náà ló wà níbẹ̀, ó wọ kóòtù òtútù nílẹ̀ òyìnbó, ó dúró ti pátákó kan tí wọ́n lẹ iṣẹ́ náà mọ́.

“Màmá, na our work be this. Òun nìkan ló kọ orúkọ ẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló fi gba admission.”

Mo fi ìka fẹ àwòrán náà bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo rí tábìlì mi. Mo rí aṣọ dúdú náà, etí tí mo fi òwú búlúù parí sì hàn gedegbe. Lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ méjì yọ síta pẹ̀lú sílípáàsì.

“Ẹsẹ̀ ta nìyí?” mo bi í, bẹ́ẹ̀ mo mọ sílípáàsì náà.

“Tèmi ni, Màmá.”

Kò sunkún. Èmi náà ò sunkún. Mo lọ gbé ọbẹ̀ kaná, mo sì gbàgbé, mo tún bu ti ọmọkùnrin náà mọ́ tiwa.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí alága ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwa Yorùbá tó wà níbí, tó wá kí mi. Ó ti mọ̀ nípa ìrìn àjò náà kí ọmọkùnrin náà tó lọ.

“Ó ní kí n má tíì sọ fún yín ni, Màmá. Ó mọ̀ pé ọkàn yín á bàjẹ́.”

“Bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ńkọ́?”

Alága wo ilẹ̀. “Ara bàbá le.”

Ó ní ìṣòro ti dé. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ́ yẹn ń sọ òótọ́ bí ègé náà bá tutù, ṣùgbọ́n bó bá ti gbóná, irọ́ ló ń pa, àwọn òyìnbó sì ti ń bèèrè ìwọ̀n ti ìgbà tó gbóná. Ọwọ́ ọmọ mi ni ìyẹn wà, torí lẹ́yìn tí ọmọkùnrin náà lọ ló wọ̀n ọ́n tán. Bí kò bá rí i, wọ́n lè dá a padà wálé.

“Àlejò ni gbogbo wa níbí, Màmá. Ọmọ wa ni. Ká má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí jáde síta.” Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó gbé e sí mi létí. Ohùn ọmọkùnrin náà ni mo gbọ́.

“Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Tí ẹ̀yin bá ti sọ̀rọ̀, kò ní kọ̀.”

Òótọ́ ló sọ. Ọmọ mi ò kọ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu rí, ọmọkùnrin náà sì mọ̀ ọ́n torí ọ̀dọ̀ wa ló ti ń jẹun. Mo ń retí kó bèèrè ẹsẹ̀ mi. Kò bèèrè.

“Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?” mo ní.

“Màmá, ó ti jáde báyẹn. Kò ṣeé yí padà mọ́.”

“Ta ló wà lábẹ́ aṣọ náà?”

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

“Sọ fún wọn pé òun ni. Bí wọ́n bá gbọ́, kí wọ́n fúnra wọn wá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ò ní bá ọ bẹ̀ ẹ́.”

“Háà, Màmá!” Alága dìde. “Ìyá lẹ jẹ́ fún un o!”

“Mo mọ̀,” mo ní. “Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.” Mo dá fóònù rẹ̀ padà fún un, mo sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, torí àlejò mi lòun náà.

Nígbà tí mo wọlé, mo bá ọmọ mi lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí itan rẹ̀, orúkọ ọmọkùnrin náà ti wà níbi tí wọ́n ń kọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí, àwọn ìwọ̀n náà sì ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ku kó tẹ̀ ẹ́.

“Mo ti wá a sílẹ̀,” ó ní. “Mo rò pé ẹ máa ní kí n fún un.”

Mo jókòó tì í, mo na ẹsẹ̀ mi. Ó pa lẹ́tà tó fẹ́ fi ránṣẹ́ náà rẹ́, ó ń wojú mi bó ṣe ń pa á rẹ́, bíi pé mo ṣì lè yí ohùn padà.