Ọwọ́ Tó Lu Òǹtẹ̀ Àkọ́kọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé agídí lẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi gbé ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ìwòsàn, ẹ sọ fún un pé èmi àbúrò rẹ̀ ní irọ́ ni. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbé báàgì.

Pósífíìsì lẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọmọge. Òun ló ń fi òǹtẹ̀ onírin lu sítáǹbù ara lẹ́tà, kí ẹnikẹ́ni má baà tún un lò. Ìyá Olóǹtẹ̀ là ń pè é. Kò sí ohun tó ń bí i nínú tó òǹtẹ̀ tó bá ṣe jàgàjàgà. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, ṣe ló máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn ọwọ́ onítọ̀hún, á bá a tẹ òǹtẹ̀ mọ́lẹ̀ jẹ́ẹ́. Á ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.

Nígbà tí ìjọba fẹ́ ṣe sítáǹbù ìrántí fún dókítà tó kọ́kọ́ la àyà èèyàn ní ilẹ̀ wa, tí ẹni náà sì tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé, tọmọdé tàgbà ló ń yọ̀. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pe bàbá náà. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló fajú ro. Ó ní, "Òkú ni mo mọ̀ lórí sítáǹbù. Kí ni wọ́n ń kánjú sí?" Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí sítáǹbù náà dé, tí ojú bàbá kan ṣoṣo ń wò wá lọ súà lórí bébà, ara mi bù máṣọ. Ihò wà lára ọkàn ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi, bàbá yìí gan-an ló sì ti gbà láti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ayẹyẹ.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, èèyàn kún pósífíìsì bámú. Wọ́n ní kí bàbá lu òǹtẹ̀ àkọ́kọ́. Bó ṣe gbé òǹtẹ̀ sókè, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bíi tọmọdé tó gbé ife omi tó kún. Onífọ́tò ti gbé ẹ̀rọ sójú. Ẹ̀gbọ́n mi kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ ló mọ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn ọwọ́ bàbá, ó bá a tẹ̀ ẹ́. Òǹtẹ̀ náà mọ́ kedere. Bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́, bàbá ní, "O ṣé, ọmọ mi," ó sì ki ọwọ́ bọ àpò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi dì mí mú. "Àbúrò mi, ọwọ́ tí mo dì mú yẹn, ṣé òun ló fẹ́ la àyà ọmọ mi?"

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀. Ìyẹn na fọ́tò inú ìwé ìròyìn sí i. "Wo bí òǹtẹ̀ ṣe gún régé. Ṣé ọwọ́ tó ń gbọ̀n ló lu eléyìí?"

"Èmi ni mo bá a lù ú!"

"Ìwọ lo bá Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ṣiṣẹ́? Jọ̀ọ́, má pa mí lẹ́rìn-ín."

Àwọn nọ́ọ̀sì náà ní ẹ̀rù máa ń ba gbogbo ìyá. Ẹ̀gbọ́n mi ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀: òun nìkan ló di ọwọ́ náà mú, òun náà ló bò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, bàbá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Ó dá ẹ̀gbọ́n mi mọ̀, ó sì yára gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn ló parí ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ rẹ̀ pariwo títí, ohùn rẹ̀ há.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bí ẹ bá gbé e lọ, ẹni tó kàn la máa pè o."

"Ẹ pè é," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. Ọmọ tirẹ̀ nìkan ló wà lójú rẹ̀ nígbà náà.

A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí obìnrin kan fi sáré pàdé wa, ó fa ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé o, ìyá! Wọ́n ní ọmọ mi ló kàn. Ó ti pẹ́ tá a ti ń dúró de Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀. Ọmọ tiyín náà ò ní kú."

Ẹ̀gbọ́n mi dúró sójú kan. "Ẹ má gbé e wọlé. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ọwọ́ bàbá yẹn ń gbọ̀n."

Obìnrin náà dìde, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ̀ẹ́hẹ̀n! Ẹ gbé tiyín kúrò, ẹ tún wá fẹ́ dí ọ̀nà tèmi?" Ó fa ọmọ rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà ká lọ sílé. Wọ́n gbé ọmọkùnrin náà wọlé, a sì jókòó sórí àga gbọọrọ, ìyá rẹ̀ lápá kan, àwa lápá kejì. Nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ ṣí, nọ́ọ̀sì ló jáde, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ìyá ọmọ náà dà?"

Kí obìnrin náà tó lanu, ẹ̀gbọ́n mi ti figbe ta.