Ọjọ́ Ìbí Akéwì Tí Kò Tíì Kú

Ní ilé ìkàwé tí Ìyá Ọlọ́jọ́-ìbí ti ń ṣiṣẹ́, òkú nìkan ni wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí fún. Bí ọjọ́ ìbí òǹkọ̀wé ńlá tàbí akéwì kan bá ti pé, obìnrin yìí ló máa ń lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà, tí á to àwọn ìwé rẹ̀ sórí tábìlì, tí á sì gé kéèkì fún àwọn tó wá kàwé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wọn ló fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ kan alààyè. Ó ní òǹkọ̀wé tó wà láàyè kì í mọ ìgbà tó yẹ kóun jókòó tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Irọ́ kọ́ o, ṣùgbọ́n òfin náà ń dun obìnrin yìí dọ́kàn, torí akéwì ni bàbá tó bí i.

Akéwì gidi ni, ìwé rẹ̀ wà lórí àtẹ níbẹ̀. Àmọ́ iyè baba ti ń ra. Lọ́jọ́ mìíràn, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò. Ọmọ wá bẹ ọ̀gá títí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká yẹ́ wọn sí nígbà tí wọ́n ṣì lè mọ̀ pé àwọn là ń yẹ́ sí."

Ọ̀gá kọ́kọ́ fajú ro, ó padà gbà.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí baba pé, ọmọ wọṣọ tuntun fún un, ó mú un jókòó níwájú. Òṣìṣẹ́ kan dìde, ó ka ewì tí baba kọ fún ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé: bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, àti àpá kékeré tó wà létí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Omi lé ròrò lójú baba. Inú ọmọ dùn gan-an. Ó ti rántí, ó ti rántí!

Baba fà á lápá. "Ta ló kọ nǹkan yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá mi. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre. Níbo ni ọkùnrin tó kọ ọ́ yẹn ti rí àpá ìyàwó mi?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń dápàárá ni. Inú ti bí baba ní tiẹ̀. Wọ́n gbé kéèkì dé iwájú rẹ̀, ó fọwọ́ tì í.

"Mi ò jẹ kéèkì ẹ̀. Mú mi lọ sílé. Ìyàwó mi ló máa sọ ibi tó ti mọ̀ ọ́n fún mi."

Wọ́n jáde. Wọ́n rìn díẹ̀, ìbínú baba sì rọ̀. Ó dúró, ó nu ojú rẹ̀.

"Tá a bá délé, má sọ fún ìyàwó mi o, pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn pa mí lẹ́kún."

"Mi ò ní sọ, Bàbá," ni ọmọ wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.