Rọ́bà Etí Fèrèsé

Bí mo bá gbọ́ òórùn rọ́bà tuntun, ọ̀sán kan ní Peckham, ní London, ni mo máa ń rántí. Aunty Ramọ́tà àti ẹgbẹ́ wọn ń fi rọ́bà dí etí fèrèsé káàkiri ẹ́sítéètì wa lọ́fẹ̀ẹ́, kí òtútù má baà wọlé. Nígbà tí wọ́n dé ilé wa, wọ́n bá Mummy tó wọ kóòtù òtútù nínú ilé.

"Ṣé ẹ kì í tan hítà ni?" ni Aunty béèrè.

"Òtútù kì í mú wa," ni Mummy dáhùn, mo sì gbà á gbọ́. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé owó gáàsì tí hítà ń lò ni ò sí.

Aunty lẹ rọ́bà yí fèrèsé ká. "Gáàsì díẹ̀ á máa tó yín báyìí. Èéfín tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́ náà á dín kù."

Mummy nawọ́ síbẹ̀. Atẹ́gùn ò wọlé mọ́. "Ẹ kọ́ mi," ni wọ́n wí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Mummy ti ń lẹ rọ́bà nílé aládùúgbò wa. "Ẹ má tijú," ni mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún un. "Ilé tiwa náà tutù."