Ìdí Tí Ọkọ̀ Màmá Fi Ń Hó

Omi gbígbóná ń dún ṣìì-ṣìì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, òórùn rẹ̀ sì ń wọ̀ wá nímú bí ìgbà tí wọ́n da omi sí ìkòkò tó jóná. A ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìwopin, láàrin igbó, níbi tí kò sí ohùn kankan àfi ti ẹyẹ. Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ká ìró sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ síwájú ọkọ̀, wọ́n ń wo bí omi ṣe ń ṣàn láti ẹnu rọ́bà tín-ín-rín kan sórí yẹ̀pẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti máa gbàdúrà. Màmá ní, "Kí ló lé omi yìí jáde ná?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìbéèrè ò sì tán lẹ́nu wọn. Bàbá àgbà, ọkọ wọn tó ti dolóògbé, ló fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn, ọkọ̀ àtijọ́ aláwọ̀ ewé tí àwọn ọmọ Òkè-Sopẹn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dàgbà ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Màmá fúnra wọn ló ń wà á. Lóṣooṣù ni wọ́n ń wà á lọ sí Ẹfirẹ, létí ọ̀sà, láti lọ wo ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tí ẹsẹ̀ ti kọ̀ fún, tí kò lè jáde nílé mọ́. Èmi ni wọ́n máa ń mú dání, torí ẹnu mi ò dákẹ́, wọ́n sì fẹ́ràn ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló wọ́ wa padà sílé lọ́jọ́ yẹn. Bàbá mi ò pariwo, ohun tó bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Wọ́n jókòó ti ìyá wọn, wọ́n ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Bó bá tún hó lọ́nà, a ó tà á fáwọn onírin tó ń ra àlòkù. Mi ò lè jẹ́ kẹ́ ẹ sun inú igbó."

"Kí n wá máa fi kí ni lọ sí Ẹfirẹ?"

"Ẹ ó máa fi fóònù bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi tí etí ẹ̀ ti di?" Màmá wò wọ́n. "Ojú la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀."

Síbẹ̀, bàbá mi ò yí ọ̀rọ̀ wọn padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn àdúrà, kí ẹnikẹ́ni tó dìde, Màmá bèèrè ẹni tó ń bu omi sí ọkọ̀ àwọn. Àbúrò bàbá mi ní òun ni. Ayálégbé wa tó wà nínú yàrá iwájú ní òun náà máa ń bu díẹ̀ sí i kóun tó lọ síbi iṣẹ́. Ìyá mi wá ń wo ilẹ̀, wọ́n ní báwọn bá rí omi lábẹ́ ọkọ̀ lówùúrọ̀, àwọn máa ń rò pé ó jò ni, àwọn á sì rọ ọ́ kún dé ẹnu. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ṣe é. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí.

"Ẹ ò se ìkọ́kọrẹ́ rí ni?" Màmá ní. "Ẹ rọ omi kún ìkòkò dé ẹnu, ẹ gbé e kaná, ṣé kò ní hó dà nù? Omi tó bá gbóná a máa wú. Ọkọ̀ yìí ò ráyè wú sí, ló ṣe ń bì. Ẹ̀yin rí èébì, ẹ tún ń rọ ọ́ yó."

Láti ọjọ́ náà, Màmá nìkan ló ń ṣí ìdérí rédíétọ̀, àgbá omi ọkọ̀, tí ọkọ̀ bá ti tutù, wọ́n á sì fi àyè ìka méjì sílẹ̀ lókè omi. Omi ò dà nù mọ́. Ṣùgbọ́n ooru ò lọ. Mẹkáníìkì wa, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà jẹ́jẹ́ kan, wà á yí ìlú ká, ó ní ọwọ́ gééjì tó ń fi bí ooru ṣe pọ̀ tó hàn ṣì ń gòkè, pé àfi kóun tú ẹ́ńjìnnì.

"Kó o tó la ikùn, jẹ́ ká wo imú ná," Màmá ní. "Ibo ló ń gbà mí èémí?"

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín, ó ṣàlàyé pé fáànù ló ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti iwájú, afẹ́fẹ́ yẹn ló sì ń mú kí omi inú rédíétọ̀ tutù.

"Jẹ́ kí n rí i bó ṣe ń fà á."

Ó ronú díẹ̀, ó wá yá hańkáṣíìfù Màmá. Ó tan ọkọ̀, ó sì gbé hańkáṣíìfù náà sí iwájú rẹ̀. Ó yẹ kí afẹ́fẹ́ fà á mọ́ra. Ńṣe ló jábọ́. Ó tún gbé e sí i, ó tún jábọ́. Èmi náà ti fi orí mi sáàrin wọn.

Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí àárín àwọn irin iwájú ọkọ̀. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé la rí níbẹ̀, tí wọ́n fi wáyà so. Bàbá àgbà ló so ó nígbà ayé wọn, kí kòkòrò ọ̀nà omi má baà kún ojú rédíétọ̀. Òwú àràbà, ìyẹ́ labalábá àti eruku pupa ti dí ihò rẹ̀ pa pátápátá, ó ti le bí awọ.

Mẹkáníìkì na pláyà sí i. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ń fi ìka tọ ibi tí wáyà náà ti lọ́ pọ̀.

"Bí ọkọ mi ṣe máa ń so nǹkan nìyí," ni wọ́n wí. "Wọn á lọ́ ọ, wọn á tún un lọ́, bíi pé olè ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ yìí bá mi kalẹ́ ni."

Ojú wọn pọ́n. Mo rò pé wọ́n máa ní ká fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gba pláyà, wọ́n sì gé wáyà náà fúnra wọn. Nígbà tí mẹkáníìkì tún gbé hańkáṣíìfù síbẹ̀, fììrì ló lẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀, mo bá pàtẹ́wọ́.

A lọ sí Ẹfirẹ lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá mi jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi lẹ́sẹ̀, wọ́n na ọrùn, wọ́n ń gba orí èjìká Màmá wo gééjì. A kọjá ibi tí a ti dúró lọ́jọ́sí. Ọwọ́ gééjì ò kúrò láàárín. Ìgbà tí òórùn ẹja yíyan Ẹfirẹ gbá wa nímú ni bàbá mi tó fẹ̀yìn ti àga.

Ẹ̀gbọ́n Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Àwọn ará ilé wọn ti fọwọ́ ṣàpèjúwe fún wọn pé àbúrò wọn ò ní lè máa wá mọ́. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá mú, wọ́n ń wò wọ́n, Màmá náà ń wò wọ́n, ó sì pẹ́. Bàbá mi yíjú sí ọ̀sà. Wọn ò dárúkọ onírin mọ́ títí Màmá fi fúnra wọn ṣíwọ́ ọkọ̀ wíwà.

Lọ́dún tó kọjá, tí èmi náà ti dàgbà, òòyì ń kọ́ ìyá mi, gbogbo wa sì ń sáré sókè sódò. Bí òòyì náà ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ la túbọ̀ ń tọ́jú wọn. Lọ́jọ́ kan mo dá gbogbo ilé dúró, mo bi wọ́n léèrè ohun tí oníkálukú ń fún ìyá mi lówùúrọ̀. Èmi, àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà la ń fún wọn, kálukú sì rò pé òun nìkan ni; oògùn náà ti fa ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ jù. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá mi. Àìnífẹ̀ẹ́ kọ́ ló fẹ́ẹ̀ gbà wọ́n lọ́wọ́ wa. Ìfẹ́ tí kò bèèrè ni.